Irú Ikán Wo Ló Ń Jẹ Òrúrù Yìí?

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì, kó tó rí ilé náà rárá, igi ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí òrúrù bá ti tanná, pupa rẹ̀ a gba ojú ọ̀run, àfi bí ẹni pé ẹnìkan dáná sórí òrùlé, tó wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́ igi yìí ni obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Olórúrù ti ń ta ọmọ igi. Ọmọ òrúrù wà níbẹ̀, ọmọ máńgòrò wà níbẹ̀, oríṣiríṣi òdòdó wà níbẹ̀, gbogbo wọn nínú ọ̀rá dúdú tí iyẹ̀pẹ̀ kún, wọ́n tò gbọọrọ bí ọmọ ilé-ìwé tó ń retí tíṣà. Bí àlejò bá ń bọ̀, wọn kì í sọ fún un pé kó yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Wọ́n á ní, "Ṣáà máa bọ̀. Tó o bá ti dé ìdí òrúrù, o délé nìyẹn."

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́. Igi ti gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bínú.

Nígbà tó ṣì wà ní ọmọge, iṣẹ́ àgbálẹ̀ ló ń ṣe nínú ọgbà ilé ìwòsàn kan. Òrúrù ńlá wà níbẹ̀, wàhálà rẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e níṣẹ́. Bí èso òrúrù bá gbó, á là bí ọkọ̀ ojú omi, irúgbìn inú rẹ̀ á fò jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bó bá gbá a síwájú, atẹ́gùn á gbé e padà sẹ́yìn. Ó gbá a, ó gbá a, nígbà tó sú u, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Baba kan tó ń tọ́jú òdòdó ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọlọ́gbà, dúró lé e lórí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó ò bá lè gbá, ṣe ni kó o gbìn ín."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Baba náà kọ́ ọ pé irúgbìn òrúrù kò fẹ́ kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Èèyàn á sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kó kúnná, á tẹ́ irúgbìn sí i lójú, á wá bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ lé e bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Omi inú agolo tí wọ́n dá lu nídìí ni wọ́n ń wọ́n sí i, kì í ṣe èyí tí wọ́n dà gbàà. Bó bá yọ ewé bíi mélòó kan, kí wọ́n gbé e sínú ọ̀rá, kí wọ́n fi sábẹ́ ìbòòji. Ó kọ́ ọ pé omi inú ìrudí òdòdó rẹ̀ kì í ṣe omi mímu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọdé máa ń fún un síra wọn lójú. Ó kọ́ ọ pé èèpo rẹ̀ dára fún egbò, kí wọ́n sè é, kó tutù, kí wọ́n fi fọ ojú egbò náà.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ o," Bàbá Ọlọ́gbà a máa wí, "ojú kan ni kó o ti máa gé e. Inú èèpo ni igi ti ń jẹun. Tó o bá gé e yí ká, o fún un lọ́rùn pa nìyẹn. Tó o bá sì gé e tán, po amọ̀, fi dí i lójú. Ta ló ń fi egbò ọmọ sílẹ̀ láìdì?"

Ó tún kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ikán. Ó ní bí ikán bá mọlé sára igi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ha á; tí wọ́n bá ha á, ṣe ni ikán yóò tú ká, tí yóò sì wọ inú gbogbo ọmọ igi tó wà nítòsí. Oògùn ni kí wọ́n máa dà sí i lórí títí yóò fi gbẹ dànù fúnra rẹ̀. Ìyá Olórúrù di ẹ̀kọ́ yìí mú bí ọmọdé ṣe ń di ìró ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ikán yìí sọ́kàn.

Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ̀ lé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà ni pé kí wọ́n má gbin òrúrù sítòsí ilé, nítorí igi rẹ̀ kò le, atẹ́gùn a máa ṣẹ́ ẹ. Nígbà tó lọ́kọ, tí wọ́n gba yàrá méjì nínú ilé yẹn, ó gbé ọmọ òrúrù kan dání wá, ó gbìn ín sí àárín fèrèsé rẹ̀ àti fàràǹdá onílé. Bàbá onílé àtijọ́ gbà fún un. Báyìí, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, bàbá onílé náà ti lọ, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Onílé Kékeré ló jogún ilé. Igi nìkan ló kù tó mọ gbogbo wọn.

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ǹṣì ló gbá ẹ̀gbọ́n lójúgun. Ó pè é ní kékeré. Kékeré di egbò, egbò wá sọ ara rẹ̀ di ayálégbé tí kò fẹ́ kó jáde. Nọ́ọ̀sì ń wẹ̀ ẹ́, ó ń dì í. Ìyá Olórúrù náà ń bó èèpo òrúrù, fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó ń sè é, ó sì ń fi omi rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì. Bó bá ti bó o tán, ojú gbogbo aráalé ló ti ń po amọ̀ lé igi náà, tí á máa wí bíi ti baba ọjọ́sí pé, "Ta ló ń fi egbò ọmọ sílẹ̀ láìdì?"

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni o, bóyá iṣẹ́ òrúrù ni o, kò sẹ́ni tó lè là á. Ṣùgbọ́n igi ló wà lójú, igi náà ló gba ìyìn. Kò pẹ́ tí télọ̀ tó wà ní yàrá iwájú fi wá dúró síbi tí wọ́n ti ń wọ́n omi.

"Ìyá Olórúrù, ẹ bùn mí díẹ̀ nínú èèpo yẹn. Làpálàpá ọrùn mi yìí ò jẹ́ kí n gbádùn."

"Télọ̀, má bínú. Ojú kan ni mò ń gé, ojú kan náà ò sì tíì san. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni. Igi yìí kì í ṣe ẹ̀rọ omi àdúgbò."

"Ó dáa náà. Ọrùn mi ti gbọ́."

"Tó bá ti gbọ́, ra ọṣẹ fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀. Tàbí ká ní ó dà bíi pé ó parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ewé òrúrù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ìyá Olórúrù kọ́kọ́ rò pé oòrùn ni. Ó da omi sí i. Ewé rọ sí i. Ó ní ebi ló ń pa á, ó da ìgbẹ́ adìyẹ yí ìdí rẹ̀ ká. Ewé wá ń jábọ́ ní tútù, láìtíì pọ́n. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u, nítorí koríko ẹsẹ̀ igi ń tutù minimini, ọmọ igi inú ọ̀rá ń rúwé yọ̀, ìyá wọn nìkan ló ń gbẹ. Oníbàárà kan ní omi ti pọ̀ jù. Òmíràn ní omi ò tó. Ó dín omi kù láàárọ̀, ó fi kún un lálẹ́, kò sì mọ ẹni tí òun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú àwọn méjèèjì.

Ìgbà tó kó àwọn ọ̀rá tó wà lẹ́yìn igi kúrò ló rí i. Amọ̀ wà lára igi lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, níbi tí òun kò gé rí. Ó sún mọ́ igi pẹ́kípẹ́kí, kò fọwọ́ kàn án.

"Yéè! Ikán!"

Ẹ̀gbọ́n dáhùn láti yàrá. "Kí ló já ọ jẹ?"

"Kò já mi jẹ. Igi ló ń jẹ."

Ló bá gún ewé dongóyárò, ó pò ó mọ́ eérú àti omi ọṣẹ, ó dà á sórí amọ̀ náà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, títí tó fi rọ̀ tó ń ṣàn. Ó sùn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ayọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti bárò rẹ̀ lọ wa iyẹ̀pẹ̀ létí odò bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó dé, amọ̀ ti padà síbi tó wà. Ó tún dán ju ti àná lọ, àfi bí ẹni fọwọ́ pa á. Ó da oògùn sí i. Ikán tún un kọ́. Ó pààrọ̀ oògùn. Ikán ò bìkítà. Ìgbà tó yá, òmíràn yọ lápá fàràǹdá onílé. Òmíràn yọ lábẹ́ fèrèsé òun fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irú ikán wo ló ń kọ́lé nínú omi ọṣẹ?"

"Bóyá ikán tìrẹ ti lajú."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"N ò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀." Ẹ̀gbọ́n fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. "Ṣùgbọ́n wò ó. Ẹsẹ̀ mi ń san, igi ń kú. Ṣé kì í ṣe egbò mi ló kó sí i lára báyìí? Má fọ̀ ọ́ mọ́. N ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo wá pa igi tó sọ ọ́ lórúkọ."

Ìyá Olórúrù ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé igi àti èèyàn kì í jọ pín egbò. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Nígbà tó jáde, ó dúró ti igi, ó ń wo òkè, ó ń wo ìdí, kò mọ èwo nínú wọn ni kí òun bẹ̀. Ọkàn rẹ̀ pòrúùrùú. Ẹni tó ń ta igi, tí igi ilé rẹ̀ ń kú, tí kò sì mọ ohun tó ń pa á, kí ló fẹ́ sọ fún oníbàárà?

Kí ló tún kù? Onílé Kékeré jáde síta, ẹ̀ka gbígbẹ kan ti já lu páànù rẹ̀.

"Ìyá Olórúrù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa wo òrùlé mi."

"Mo ti rí i. Òrùlé náà ti rí mi."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, Ìyá. Nígbà tí igi yìí láyọ̀, òdòdó rẹ̀ ń yọ̀ mí ṣubú, mo gbà. Báyìí tó ti ń kú, orí mi ló fẹ́ wó lé. Tí òjò bá fìdí múlẹ̀ tí kò rúwé, agégi ni màá pè."

"Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nídìí igi yìí?"

"Ẹ pọ̀n mí lóòótọ́. Ṣé tó bá wó pa mí, ẹ tún máa pọ̀n mí ni?"

Òjò dé. Òjò fìdí múlẹ̀. Gbogbo igi àdúgbò rúwé, òrúrù na ọwọ́ gbígbẹ sókè bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò mọ ìdáhùn. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ̀gbọ́n má wá mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ojú egbò ti pa dé. Ó bi í pé kí ni wọ́n fi sí i; ẹ̀gbọ́n ní òun ò mọ̀, torí ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òun ti kọ omi èèpo, síbẹ̀ tó ń san. Ìyá Olórúrù gbọ́, ó dorí kodò. Àbí òrúrù kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan rí? Àbí ohun tó ti ṣe sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́? Kò mọ èyí tí òun ì bá fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Agégi dé lówùúrọ̀ kan, ó gbé ayùn lọ́wọ́, ó fi àdá há ìgbáròkó. Gbogbo ilé jáde. Télọ̀ fi téèpù kọ́rùn. Onílé Kékeré dúró lórí fàràǹdá, kò jẹ́ wo ojú Ìyá Olórúrù. Agégi yí igi ká, ó fẹ́ mọ ibi tí ayùn yóò gbà wọlé. Ó yọ àdá, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan amọ̀.

"Má ha á o!" Ìyá Olórúrù kígbe. "Ikán ni! Wọ́n á tú ká!"

Agégi ti ha á kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Amọ̀ jábọ́ gbàgà. Kò sí ikán kan níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ihò ikán. Igi funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbẹ bí egungun, etí rẹ̀ gún régé, ọ̀bẹ ló gé e.

"Ìyá, ikán tó ní ọ̀bẹ rèé," ni agégi wí.

Ó lọ sápá fàràǹdá, ó ha á. Bákan náà. Ó lọ sábẹ́ fèrèsé, ó ha á. Bákan náà. Ó padà dé apá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ibi tí Ìyá Olórúrù fúnra rẹ̀ ti ń gé. Ó wá fi ìka tọ́ ọ yí ká, láti ojú egbò dé ojú egbò, kò sí ibi tí èèpo ti so kọ́ra mọ́.

"Wọ́n fún un lọ́rùn pa ni."

Télọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ bo ọrùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó wo ọrùn rẹ̀.

"Mo ti ra ọṣẹ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Kò ṣiṣẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni mo gé. Ẹ̀ẹ̀kan... ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ díẹ̀."

"Télọ̀!"

"Mo sì dí i lójú! Bí ẹ ṣe ń ṣe é náà ni mo ṣe é. Nígbà tẹ́ ẹ da nǹkan sí i tí amọ̀ yọ, mo ní oògùn igi ni, àánú ṣe mí, mo tún un dí."

Ìyá Olórúrù yíjú sí fàràǹdá. Ó fẹ́ béèrè, kò tíì la ẹnu tí Onílé Kékeré fi ń họ orí.

"Ibà ló mú mi, Ìyá. Bàbá mi náà máa ń sè é mu."

"Ìwọ tó o fẹ́ gé igi!"

"Ṣé torí pé mo fẹ́ gé e ni ibà ò ṣe ní mú mi?"

Agégi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ó ku tabẹ́ fèrèsé. Gbogbo ojú ń wá kiri, ẹ̀gbọ́n wá sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kéré.

"Obìnrin kan ni, àbúrò mi. Àwa méjì la jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Egbò tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Bó o bá ti lọ wa iyẹ̀pẹ̀ ni mo ń gé díẹ̀ fún un."

Ìyá Olórúrù jókòó sórí bárò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè rí mú nínú gbogbo èyí tó ń ja ara wọn lágbárí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa jí i gé, kí ló dé tẹ́ ò gé e lójú ibi tí mo ti gé e? Ibẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀!"

Wọ́n wo ara wọn. Télọ̀ ló dáhùn, ó sì dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún hàn sí gbangba.

"A ò fẹ́ kí ojú egbò yẹn fẹ̀ sí i ni, Ìyá. A ní ibẹ̀ ti jìyà tó."

Olúkúlùkù ló rò pé òun nìkan ló ń gé e, olúkúlùkù ló wá ibi tí ẹnìkan kò tíì fọwọ́ kàn, kó má bàa ni igi lára. Ká ní wọ́n jalè lójú kan náà, igi ì bá yè. Àánú ló pa á. Ìyá Olórúrù fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí yóò gbé ìbínú náà lé lórí. Ó fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n níkùn. Gbogbo ìgbà tó fi ń bá ikán jà, amọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ wọn láti fi dí egbò ló ń fọ̀ dànù.

Onílé Kékeré sọ̀ kalẹ̀ láti fàràǹdá. "Ìyá, n ò ní kí wọ́n gé e mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Èyí wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó jẹ́ pé onílé ló fẹ́ gé e, ó rọrùn láti kọ̀. Ìyá Olórúrù bi agégi pé kò ha sí ọgbọ́n kankan.

"Ìyá, òkè ti lọ," ni ó wí. "Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, atẹ́gùn á gbé e lu èèyàn. Ìdí lè má tíì kú. N ò ṣèlérí."

Ìyá Olórúrù dìde, ó yí igi ká, ó gbé ọwọ́ lé ojú egbò kọ̀ọ̀kan. Ó wo páànù, ó wo orí Onílé Kékeré tí òun pọ̀n dàgbà.

"Gé e," ó ní. Ó gbé bárò, ó lọ wa iyẹ̀pẹ̀, kó má bàa gbọ́ ohùn ayùn. Ó gbọ́ ọ dé etí odò.

Lẹ́yìn náà, oòrùn ń jó àwọn ọmọ igi, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé wọn lórí. Kùkùté dákẹ́ bí ẹni tó ń bínú. Àwọn oníbàárà ń ṣìnà. Wọ́n á kọjá ilé, wọ́n á tún padà. Wọ́n ṣì ń pè é ní Ìyá Olórúrù, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì. Ó tilẹ̀ fẹ́ ní kí wọ́n padà máa pe òun ní orúkọ àbísọ, àmọ́ kò dá a lójú pé òun á dáhùn.

Ó ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tó gbọ́ igbe Onílé Kékeré.

"Ìyá Olórúrù! Ẹ wá wo ohun tí igi yín ṣe sí mi!"

Ó sáré. Télọ̀ sáré. Lórí fàràǹdá, sìmẹ́ńtì ti gbé sókè, ó là, ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé òrúrù ti yọ orí láàárín rẹ̀, òmíràn sì ń tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbòǹgbò ti rin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí fàràǹdá ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ gé e. Kùkùté ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí wọn ò fojú sí ni ẹ̀mí gbà yọ.

"Ìyá, ṣé kí n fà á tu ni? Àbí... ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Sìmẹ́ńtì mi rèé o!"

Ìyá Olórúrù kúnlẹ̀, ó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n dé, ó fẹsẹ̀ méjèèjì rìn gúnlẹ̀ láìdi nǹkan kan mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ewé náà.

"Àbúrò mi, apá ibo la ó ti máa gé tèyí?"

"Ẹ kúrò níbẹ̀!" Gbogbo wọn ló kígbe pọ̀, tó fi mọ́ Onílé Kékeré.

Ìyá Olórúrù lọ gbé apẹ̀rẹ̀ àlòkù kan wá láti dé e mọ́lẹ̀ nítorí ewúrẹ́. Ó dé e, ó ṣí i, ó tún un dé, kò mọ̀ bóyá ìbòòji tó ń fẹ́ ni àbí oòrùn. Onílé Kékeré dúró tì í, ó ń kùn nípa sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó sì mú agolo tí wọ́n dá lu nídìí lọ́wọ́, ó ń dúró kí wọ́n sọ fún òun pé kí òun wọ́n omi.